Ṣé kí n sọ fún un kó tó rí awọ ara mi?

Àbúrò mi Alápá Gígùn, mo ti ka lẹ́tà rẹ. O ní psoriasis, àrùn awọ ara tó ń mú kí èépá gbára jọ, ti ń bá ọ fínra látìgbà tí o ti wà nílé ìwé girama, débi pé bí ooru ṣe wù kó mú tó, aṣọ alápá gígùn lò ń wọ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́, o sì gbà, àmọ́ kò tíì rí ìgbọ̀nwọ́ rẹ rí. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ sì nu àga tí o dìde lórí rẹ̀ kó tó jókòó. O wá ń bi mí bóyá kí o dúró kí psoriasis náà lọ ná, kí o tó sọ fún ọ̀gbẹ́ni náà.

Sọ fún un báyìí. Psoriasis lè lọ kó tún padà. Kò tíì sí oògùn tó ń lé e lọ pátápátá. Bó bá sì jẹ́ pé fúnra rẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni náà kọ́kọ́ rí i, ohun tó bá wá sí i lọ́kàn ló máa gbà gbọ́: làpálàpá, ẹ̀tẹ̀, èyíkéyìí.

Má sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. "Kì í ràn" ni kó ṣíwájú. Lẹ́yìn náà, ṣàlàyé pé nǹkan bí oṣù kan ni awọ ara èèyàn fi ń pààrọ̀ ara rẹ̀, àmọ́ ohun tó ń dáàbò bo ara rẹ ló ń ṣàṣejù, tí tìẹ fi ń pààrọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí èépá fi ń gbára jọ. Kò kan àìwẹ̀. (Jọ̀ọ́, má fi kànrìnkàn ha á mọ́, ibi tí awọ bá ti bó, ó lè tún sú níbẹ̀.) Bó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, jẹ́ kó kàn án. Bó bá béèrè nípa ọmọ, sọ òótọ́: ó máa ń rìn nínú ẹbí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọmọ ẹni tó ní in ló ń ní in. Bó bá sì torí ẹ̀ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, kó yáa tètè máa lọ.

Ní ti ẹni tó nu àga, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ láti máa kọ́ gbogbo ayé lẹ́kọ̀ọ́. Láti ọdún 2014 ni àwọn orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fẹnu kò pé kí wọ́n gbógun ti ìdẹ́yẹsí àwọn tó ní in. Ó jọ pé ìròyìn náà kò tíì dé ọ́fíìsì yín.

Ohun tó kó mi lọ́kàn sókè jù ni èyí tí o sọ gẹ́rẹ́ níparí, pé ìka ọwọ́ rẹ máa ń gan láàárọ̀. Psoriasis lè wọ oríkèé ara, ó sì lè bà á jẹ́ bí a ò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kí o sì mú ìpara tí ọ̀rẹ́ rẹ fún ọ yẹn dání, kó wo ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn.