Ṣé aràn inú ológbò lè ran èèyàn?

Ó lè ràn wá o, àmọ́ kì í ṣe torí pé ẹ gbé e mọ́ra. Ẹyin aràn tó ń jẹ́ Toxocara máa ń bá ìgbẹ́ ológbò jáde, ó sì máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 nílẹ̀ kó tó lè ranni, torí ẹ̀ ni iyanrìn bíríkìlà tó ń wà níwájú ilé ní Surulere níbí, táwọn ọmọ ń fi ṣeré tí ológbò àdúgbò náà ń yàgbẹ́ sí, fi ń bà mí lẹ́rù ju ológbò inú ilé lọ. Tọ́mọ bá fọwọ́ yẹn jẹun, aràn ọ̀hún lè rìn dé ẹ̀dọ̀ tàbí ojú ẹ̀. Ẹ máa kó ìgbẹ́ ológbò yín lójoojúmọ́, ẹ fọṣẹ fọwọ́, kẹ́ ẹ sì gba oògùn aràn lọ́dọ̀ dókítà ẹran, ẹ má fún un ní ti èèyàn jọ̀ọ́.