Ẹ Bi Wá: Kápẹ́ẹ̀tì Baluchi Àfọwọ́hun

Ìbéèrè (Gwarinpa, Abuja): Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Òyìnbó kan tó ń padà sílé ta ẹrù rẹ̀ ní Maitama, mo sì ra kápẹ́ẹ̀tì kan níbẹ̀. Wọ́n ní Baluchi ni, pé ó ti lé ní ọdún 60. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, wọ́n ní ọjà gbàrọgùdù ni: orí rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ, pupa rẹ̀ yí padà láàárín, ibi tó dúdú sì jìn wọnú. Ṣé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì?

Ìdáhùn: Ohun mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n yín kà sí àbùkù yẹn gan-an ló fi wá lọ́kàn balẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Baluchi tó wà ní Khorasan ní Ìránì, àti ní agbègbè Herat ní Afghanistan, darandaran ni púpọ̀ nínú wọn látijọ́. Ilẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ òfì wọn sí, èèkàn ni wọ́n sì fi ń dè é. Bí àsìkò àti ṣí lọ bá tó, wọn á fa èèkàn tu, wọn á ká iṣẹ́ náà bó ṣe wà, wọn á tún un kàn mọ́lẹ̀ níbòmíràn. Okùn títa, ìyẹn èyí tí wọ́n nà gbọọrọ sórí òfì, kì í le bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ ni orí àti ìdí ti ń yàtọ̀ síra. Ìyàtọ̀ sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 kò tó ohun tí à ń pariwo lé. Èyí tó yẹ kí ẹ sá fún ni kápẹ́ẹ̀tì tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ tó wú láàárín, tí kò lẹ̀ mọ́ ilẹ̀.

Ní ti pupa, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń rẹ irun àgùntàn láró. Bí ìdì kan bá tán, pípọ́n ìkejì kì í bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Ti dúdú ní ìdí mìíràn: irin wà nínú aró rẹ̀, irin yìí a sì máa jẹ irun náà títí tí yóò fi kúrú ju ti àyíká rẹ̀ lọ. Ọdún gbọọrọ ló ń gbà, nítorí náà àmì àgbà ni. (Búlúù kì í ní wàhálà yìí. Ẹlú ni, irú aró tí wọ́n ń lò nínú kòtò Kofar Mata ní Kánò.)

Ẹ wá dojú kápẹ́ẹ̀tì náà délẹ̀, kí ẹ fi mọ̀ bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi hun ún. Ọnà gbọ́dọ̀ hàn kedere lẹ́yìn bí ó ṣe hàn níwájú, láìsí gọ́ọ̀mù tàbí àpò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi ìka ya irun orí rẹ̀, ẹ ó bá kókó lẹ́sẹẹsẹ nísàlẹ̀. Wajawaja rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ okùn títa tó gba inú rẹ̀ já, kì í ṣe èyí tí wọ́n rán mọ́ ọn. Etí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ irun ewúrẹ́ dúdú tó le lọ́wọ́. Bí iyèméjì bá ṣì kù, ẹ fa fọ́nrán kan yọ, kí ẹ sun ún. Irun àgùntàn a máa rùn bí irun orí tó jóná, eérú rẹ̀ á sì rún. Fọ́nrán ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) á yọ́, á dì ní kókó líle.

Ní ti ọdún 60, ojú lásán kò lè búra sí i. Okùn títa àwọn tó pẹ́ sábà máa ń jẹ́ irun àgùntàn. Ti òwú wọ́pọ̀ nínú àwọn tó dé lẹ́yìn. Ẹ má san owó lórí ọjọ́ orí nìkan.

Ìbéèrè (Kaduna): Wajawaja ẹní ìkírun Baluchi mi ń já. Télọ̀ ní kí n jẹ́ kí òun gé e, kí òun fi máṣíìnì rán ẹnu rẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ má gbà fún un. Bí wọ́n bá gé e, kò sí ohun tó di ìlà kókó àkọ́kọ́ mú mọ́. Òun á tú, ìkejì á tẹ̀ lé e. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì á sì gé okùn tó ti gbó. Ẹ fi ọwọ́ rán an, pẹ̀lú òwú líle àti abẹ́rẹ́ tí kò mú lẹ́nu. Ẹ gba àárín okùn méjì wọlé ní bíi mìlímítà 6 sí etí, ẹ yí òwú ká etí náà, kí ẹ tún wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 1 síwájú. Bí ẹ bá fà á le jù, ẹnu rẹ̀ á súnkì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fún àwọn tó ń fọ kápẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá títì. Háípò a máa yọ́ irun àgùntàn. Ẹ kọ́kọ́ tẹ aṣọ funfun tútù mọ́ ibi pupa fún ìṣẹ́jú 1. Bí àwọ̀ bá yọ, omi kò gbọdọ̀ kàn án nílé yín.

Ìbéèrè (Kánò): Irun kápẹ́ẹ̀tì wa ń re lábẹ́ àga, mo sì rí ìdin funfun kéékèèké. Mo da káńfọ̀ síbẹ̀, kò ràn án.

Ìdáhùn: Ẹ kó káńfọ̀ yẹn kúrò lónìí, pàápàá bí ìkókó bá wà nílé, nítorí ó lè ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan jẹ́ kí ojú wọn pọ́n bíi ti ibà pọ́njú. Nínú yàrá gbangba, kì í tilẹ̀ pa ìdin.

Òkùnkùn àti ibi tí ẹsẹ̀ kì í dé ni ìdin náà fẹ́. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì síta, kí ẹ gbá iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ní fírísà ńlá tí iná rẹ̀ kì í lọ, ẹ dì í sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà wọlé, kí ẹ fi sí ìwọ̀n -18 fún ọ̀sẹ̀ 2. Bí iná bá ń ṣe ségesège, oòrùn oṣù kẹta àti ìkẹrin ń bẹ. Ẹ rí i pé kápẹ́ẹ̀tì gbẹ dáadáa, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú ọ̀rá dúdú tí ẹ dì pa, kí ẹ sá a fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ sì yí i padà. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ gbóná kọjá ìwọ̀n 50. Bí kò bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, ìdin á yè é. Ẹ gbá abẹ́ àga àti ẹ̀gbẹ́ ògiri dáadáa kí ẹ tó tẹ́ ẹ padà, kí ẹ sì máa yí orí rẹ̀ sí ìdí ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.