Òdòdó Búlúù Inú Igbó Amẹ́ríkà: Ṣé Yóò Tanná ní Àkúrẹ́?

Ìbéèrè: Ọmọ mi tó wà ní ìpínlẹ̀ Ohio fẹ́ kó irúgbìn òdòdó kan, Campanulastrum americanum, bọ̀ fún mi. Ó ní inú igbó ibẹ̀ ni ó ti ń hù, ó lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6, òdòdó rẹ̀ sì jẹ́ búlúù. Ṣé yóò ṣe dáadáa lábẹ́ igi máńgòrò mi ní Alágbàká?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Màmá. Ibòji kọ́ ni ìṣòro, nítorí ewéko etí igbó àti etí odò ni. Ó rẹwà lóòótọ́: òdòdó àwọn ẹbí rẹ̀ sábà máa ń dà bí agogo, ṣùgbọ́n tirẹ̀ tẹ́jú bí ìràwọ̀ elétí márùn-ún, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yọ láàárín rẹ̀ tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ.

Òtútù ni a kò ní. Bí irúgbìn náà bá hù, ewé rẹ̀ yóò kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀ yíká bí ewé yánrin, kò sì ní na igi òdòdó sókè àfi tí òtútù bá ti mú un fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọyẹ́ tí ń mú kí a wá súwẹ́tà ní oṣù Kejìlá kò tó nǹkan lójú rẹ̀. Òtútù bíi ti inú fíríìjì ni ó ń fẹ́. Ẹnìkan lè gbé ìkòkò rẹ̀ sínú fíríìjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń ṣe wá ní Àkúrẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, irúgbìn òkèèrè gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ NAQS, àjọ ìjọba tí ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò kí ó tó wọ Nàìjíríà, kí ó tó wọlé, nítorí náà kí ọmọ yín má kàn dì í sínú àpò.

Ohun tí èmi yóò gbìn ni Clitoria ternatea, ẹbí ẹ̀wà tí ń fà, tí òdòdó rẹ̀ búlúù rẹ́súrẹ́sú, tí àárín rẹ̀ sì funfun. Ẹ má gbìn ín sábẹ́ máńgòrò gan-an. Ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì tí oòrùn ń dé ni kí ẹ fi í sí. Ẹ rẹ irúgbìn rẹ̀ sómi mọ́jú, kí ẹ gbìn ín ní oṣù Kẹrin tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ẹ sì fún un ní igi tí yóò gùn. Bí ẹ bá da omi gbígbóná sí òdòdó rẹ̀, omi náà yóò di búlúù. Bí ẹ bá wá kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, yóò yí padà di àwọ̀ pọ́pù lójú yín.