Ta Ló Ni Ilé Iṣẹ́ Ọ̀dà Tí O Fẹ́ Ra Ṣíà Rẹ̀?

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ọmọ kíkọ́ o. O ní àjẹṣẹ́kù àwọn tíṣà ní Ìkéré fẹ́ yá ẹ lówó, o sì fẹ́ fi ra ṣíà ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀dà àti kẹ́míkà, tí wọ́n ń ta ṣíà rẹ̀ lórí NGX, ìyẹn ọjà ṣíà ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní Amẹ́ríkà ní bí àwọn ilé iṣẹ́ olówó gọbọi bá ti kó púpọ̀ nínú ṣíà kan, kí ọkàn rẹ balẹ̀, wọ́n ti bá ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwọ wá rí i pé ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ni ju ìdajì èyí tí o ń wò, pé ti àwọn dírẹ́kítọ̀ kò tó nǹkan, o sì ń bèèrè bóyá àmì rere ni tàbí àmì burúkú.

Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Iye tí àwọn ńlá ní kò lè sọ fún ẹ bóyá ọ̀dà wọn ń tà. Ohun tó lè sọ ni ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìbò bá dé, àti bóyá wàá rí ẹni ra tìrẹ lọ́jọ́ tí o bá nílò owó kíákíá. Ojú mi ti rí nǹkan lórí méjèèjì, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èsì gígùn.

Tíṣà ni bàbá mi. Nígbà tí ìjọba ológun ṣòfin ní 1972, tí wọ́n tún ṣe òmíràn ní 1977, pé kí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ta ṣíà fún ọmọ Nàìjíríà, bàbá mi wà lára àwọn tó ń yọ owó oṣù ra díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n papò dà, èmi ni ẹbí ní kí n máa bójú tó àwọn sátífíkéètì náà. Mo ti gba kóòtù lọ, mo ti bá rẹ́jísítírà, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú ìwé orúkọ oníṣíà, fa ọ̀rọ̀, mo kó gbogbo wọn wọ CSCS, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ṣíà sórí kọ̀ǹpútà, mo sì ń lọ sí ìpàdé ọdọọdún wọn títí di òní. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀dà ni mo ń tà ní Adó, nítorí náà mo mọ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ látòkè, mo mọ̀ ọ́n nísàlẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ti ìpàdé kan. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Èkó ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì fẹ́ yan dírẹ́kítọ̀ kan padà tí inú àwa oníṣíà kéékèèké kò dùn sí. Wọ́n ní kí àwọn tó bá kọ̀ nawọ́. Àbúrò mi, gbọ̀ngán náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fún ọwọ́. Bí wọ́n bá ń na ọwọ́, ẹnì kan ìbò kan ni, ìbáà jẹ́ ṣíà mẹ́wàá lo ní. Ṣùgbọ́n òfin gbà pé kí wọ́n bèèrè fún poll, ṣíà kan á sì di ìbò kan. Wọ́n bèèrè. Obìnrin kan tó ń ṣojú ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé pélébé kan, ó fi lé wọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ parí. Ẹnikẹ́ni kò ṣe màgòmágó. Bí CAMA, òfin tó de àwọn ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ṣe rí nìyẹn: ohun tó bá ju ìdajì ìbò lọ ló ń yan dírẹ́kítọ̀, ohun náà ló sì ń fọwọ́ sí èrè ọdún.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó wúwo wà tí ìdajì kò tó fún, bíi kí wọ́n yí ìwé òfin ilé iṣẹ́ padà tàbí kí wọ́n da ilé iṣẹ́ méjì pọ̀. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò ni ìyẹn ń gbà. Nítorí náà má kàn sọ pé "ó ju ìdajì lọ." Ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún ni àbí 60 àbí 76? Ẹni tó ní 76 kò nílò ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó ní 51 ṣì ní láti bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò rò sì ni pé ìbò àwọn tó dìbò nìkan ni wọ́n ń kà. Bí ẹni tó ní 60 bá dé ìpàdé, tí gbogbo ṣíà tó dìbò lọ́jọ́ náà kò ju 80 nínú ọgọ́rùn-ún, 60 rẹ̀ ti di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Àwa tí a jókòó sílé ní Èkìtì la fún un ní èyí tó kù. Inú mi kì í dùn bí mo bá rí i tí àwọn ènìyàn wa ń fi fọ́ọ̀mù proxy, èyí tí èèyàn fi ń yan ẹni tí yóò bá a dìbò, wé ẹ̀pà.

Wo CAP Plc, àwọn tó ń ṣe Dulux ní Nàìjíríà. ICI ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà nídìí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lónìí, UAC of Nigeria ló ní ju ìdajì ṣíà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n da Portland Paints tó ń ṣe Sandtex pọ̀ mọ́ ọn ní 2021, UAC yìí kan náà ló ní èyí tó pọ̀ jù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. N kò sọ pé ó burú. Ẹni tó ní ìdajì ilé iṣẹ́ kò lè dìde lọ́sàn-án kan kó ta á kó sá, ìyẹn sì wúlò fún àwa tí a wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2023 tí báǹkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ tó já wálẹ̀, mo rí i bí iye owó báàkẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ṣe ń yí padà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó titanium dioxide wá, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tó ń jẹ́ kí ọ̀dà bo ògiri, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń fẹ́ kí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ jẹ́ ẹni tó fẹ́ wà níbẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sí i.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ, ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí o ń rí nínú áàpù pé ó wà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá níbẹ̀, owó ará ìlú ni, tí Vanguard, BlackRock àti irú wọn, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó, ń bá wọn fi ra gbogbo ṣíà tó bá ti wà nínú àkọsílẹ̀ kan, ìyẹn index. Ní oṣù Kọkànlá 2024, wọ́n yọ Dow tó ń ṣe kẹ́míkà kúrò nínú Dow Jones Industrial Average, ọ̀kan nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n fi Sherwin-Williams tó ń ṣe ọ̀dà rọ́pò rẹ̀. Owó tó bá ń tẹ̀ lé àkọsílẹ̀ yẹn ní láti ta ọ̀kan kó ra èkejì, ìbáà jẹ́ pé ẹnì kankan kò ṣí ìwé ìṣirò wọn wò. Ṣé ìyẹn ni wọ́n ń pè ní yíyẹ̀wò? Ìròyìn náà sì máa ń pẹ́ kó tó jáde: òfin wọn fún ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ní ọjọ́ 45 lẹ́yìn ìparí oṣù mẹ́ta kó tó kéde ohun tó ní. Nígbà mìíràn wàá tilẹ̀ rí iye tó ju 100 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí pé àwọn kan ń yá ṣíà tà, wọ́n wá ka ṣíà kan lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́dọ̀ wa, ṣí ìwé ìròyìn ọdọọdún ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, orúkọ rẹ̀ yóò wà níbẹ̀. Bí o bá rí orúkọ tó parí sí "Nominees", bíi Stanbic IBTC Nominees, má rò pé olówó kan ṣoṣo ni. Ó ń di ṣíà mú fún ọ̀pọ̀ oníbàárà ni, ó lè jẹ́ owó ìfẹ̀yìntì, ó lè jẹ́ ti àjèjì. Owó ìfẹ̀yìntì kì í sábà sáré jáde. Ti àjèjì, bí dọ́là bá ti mì, ó lè lọ.

Ní ojú ewé tó ń sọ ti àwọn dírẹ́kítọ̀, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kọ ọ́: èyí tó ní lórúkọ ara rẹ̀ àti èyí tó ní nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn. Dírẹ́kítọ̀ tí o rí tí òdo wà níwájú orúkọ rẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí ilé iṣẹ́ tó ni ìdajì rán wá. Nítorí náà, pé tiwọn kéré níbi tí ẹnì kan ti ní èyí tó pọ̀ jù kò bà mí lẹ́rù. Ohun tí mo máa ń wá ni bóyá ọ̀gá àgbà tàbí ẹni tó ń ṣe ìṣirò owó fi owó àpò ara rẹ̀ ra nínú ọjà. NGX máa ń gbé ìwé ìkéde rẹ̀ jáde. Wọn kò gbọdọ̀ rà tàbí tà ní àsìkò tí èsì ìṣirò ń bọ̀ lọ́nà, títí wákàtí 24 yóò fi kọjá lẹ́yìn tí ó bá jáde. Kí o sì ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Mo ti rí èyí tí àwọn ènìyàn ń pariwo pé dírẹ́kítọ̀ ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣíà, tí ó sì jẹ́ pé láti orúkọ ara rẹ̀ ló ti gbé e lọ sí orúkọ ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Kọ́bọ̀ kan kò ti ìta wọlé. Bí dírẹ́kítọ̀ bá sì tà, n kì í tètè dá a lẹ́jọ́. Ilé kíkọ́ àti owó ilé ìwé ọmọ wà láyé.

Èyí tó kàn ẹ́ jù ló kù. Yọ ti ẹni tó ni ìdajì kúrò, yọ ti àwọn dírẹ́kítọ̀ àti ti gbogbo oníṣíà ńlá tí kò ní tà, èyí tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń pè ní free float. Main Board, ọ̀kan nínú àwọn ìpele tí NGX pín àwọn ilé iṣẹ́ sí, ń béèrè pé kó tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí kí iye owó rẹ̀ tó bílíọ̀nù 20 náírà, ilé iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìròyìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Bí free float bá kéré, ó dà bí ọjà tí iṣu rẹ̀ kò ju ẹbù mélòó kan lọ: ẹni tó bá fẹ́ kó púpọ̀ á gbé owó rẹ̀ sókè, ẹni tó bá sì fẹ́ tà lè jókòó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Mo jókòó rí. Ìyá mi wà ní ọsibítù ní Adó níbí, a nílò owó iṣẹ́ abẹ, mo sì ní kí búrókà mi ní Ìbàdàn ta ṣíà kan tó jẹ́ pé lórí ìwé, owó rẹ̀ tó ohun tí a ń wá dáadáa. Ilé iṣẹ́ náà ń jèrè, èrè ọdún rẹ̀ ń wọlé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń rà. Iye tó wà lójú ìwé kò yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, torí pé kò sí ẹni tó ń nájà. Èèyàn kan ra díẹ̀, ó dúró. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìjerò ló yá wa lówó. Nígbà tí a parí títa, ìyá ti padà sílé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lẹ́yìn èyí, ilé iṣẹ́ mìíràn tí a ní ṣíà nínú rẹ̀ kúrò lórí ọjà pátápátá. Ẹni tó ni ín ra àwa yòókù jáde, wọ́n dá iye kan, ìbò sì gbà á. Àwọn tó ti yí àdírẹ́sì padà láì sọ fún rẹ́jísítírà kò gbọ́ títí ó fi parí.

Nítorí náà, owó àjẹṣẹ́kù yìí. Gbèsè ni, wọn yóò máa yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ láti oṣù tó ń bọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, má fi owó yíyá ra ṣíà tí free float rẹ̀ kéré. Bí o bá fẹ́ràn ilé iṣẹ́ náà tọkàntọkàn, máa fi ìwọ̀nba ohun tó bá ṣẹ́kù nínú owó oṣù rà á, èyí tí o lè gbàgbé síbẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Kó tó di pé o rà á, bèèrè lọ́wọ́ búrókà iye ṣíà tó ń yí ọwọ́ lójúmọ́ nínú oṣù mẹ́ta tó kọjá, kí o fi wé iye tí o fẹ́ rà. Bí ìwé ìpàdé bá sì dé, tí o kò lè lọ sí Èkó, fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù proxy, kó dé ọ̀dọ̀ rẹ́jísítírà ó kéré tán ní wákàtí 48 ṣáájú ìpàdé.