Kí ni télọ̀ fẹ́ fi búlọ́ọ̀gì ṣe?

Àbúrò mi tó ń ránṣọ ní Mararaba, o ní kí ni télọ̀ fẹ́ fi búlọ́ọ̀gì ṣe, àti pé ta ni yóò tiẹ̀ kà á. Iṣẹ́ sólà àti ìnfátà ni mò ń ṣe ní Kubwa, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ní búlọ́ọ̀gì tèmi.

Ìpè ló sún mi débẹ̀. Kí ọyẹ́ ṣáà ti bẹ̀rẹ̀, fóònù mi ò ní sinmi mọ́: “Ọ̀gá, iná yìí kì í débi kankan mọ́, bátìrì ti bàjẹ́.” Bátìrì kọ́, eruku ni. Eruku tí atẹ́gùn ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sahara á bo ojú páńẹ́lì, oòrùn ò ní ráyè wọlé, bátìrì ò sì ní kún kílẹ̀ tó ṣú. Màá wá máa ṣàlàyé: ẹ rán ẹni tó lè gun òrùlé láàárọ̀ kùtù, kó fi omi lásán àti aṣọ rírọ̀ nù ún, kó má dúró dìgbà tí oòrùn bá kan àtàrí, torí gíláàsì tó ti gbóná janjan lè sán bí omi tútù bá kàn án. Mi ò tíì sọ fún ìyá kan ní Gwarinpa tán, Alhaji kan á ti máa pè láti Lugbe. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn náà ni wọ́n á tún pè! Mo bá jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, mo fi fọ́tò páńẹ́lì méjì sí i, ọ̀kan tí a ti nù, ọ̀kan tí eruku ṣì bò. Ní báyìí, líǹkì ni mò ń fi ránṣẹ́.

Èyí tí mi ò retí ni àwọn tí mi ò mọ̀ rí, tí wọ́n ń pè láti Suleja àti Minna pé Google làwọn ti rí mi. Ẹni tó bá ti ka ọ̀rọ̀ mi kì í fi bẹ́ẹ̀ ná mi lówó. Ó ti rí i pé mo gbọ́ṣẹ́.

O lè ní WhatsApp ńkọ́? Wákàtí 24 ni status ń lò, ó ti pòórá. Ti Facebook, wá ohun tó o kọ síbẹ̀ lọ́dún 2019 ná, ká wò ó. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní June 2021, ó di January 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Ẹni tó pàtẹ gbogbo ọjà ẹ̀ síbẹ̀ mọ ohun tójú ẹ̀ rí. Òótọ́ ni, Google ló ni Blogger, ibi tá a ti ń ṣí búlọ́ọ̀gì, náà láti 2003, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń jẹ́ kó o kó gbogbo ohun tó o kọ sọ́dọ̀ ara rẹ. Mi ò fi ìyẹn falẹ̀.

Owó ìpolówó? Gbàgbé ẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń bi ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ni kó o kọ: yáàdì mélòó ló ń ran agbádá ọkùnrin tó sanra, léèsì wo ni kò gbọ́dọ̀ kan omi, ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n gbé aṣọ Iléyá wá. (Kọ tìyẹn ṣáájú, jọ̀ọ́.) Yorùbá ni kó o fi kọ ọ́ bó bá wù ọ́, Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google fún fóònù, ní àmì ohùn. Gba àyè lọ́wọ́ oníbàárà kó o tó gbé fọ́tò ẹ̀ sí i. Èmi kì í jẹ́ kí géètì tàbí nọ́ńbà ilé ẹnikẹ́ni hàn nínú tèmi. Olè náà ń wá páńẹ́lì.