Gọ́ọ̀fù nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: ẹ jẹ́ kí ọmọ ka iye tó gbá fúnra rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ o. Ẹ ní ọ̀gá ilé ìwé yín fẹ́ kí ẹ fi gọ́ọ̀fù kún ẹ̀kọ́ eré ìdárayá, pé yóò tún ìwà àwọn ọmọ ṣe, ẹ sì ń ṣiyèméjì bóyá òótọ́ ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní eré yìí. Ọ̀pá la fi ń gbá bọ́ọ̀lù náà títí yóò fi wọ inú ihò, ẹni tí iye ìgbà tó fi gbá a bá kéré jù ló borí. Gọ́ọ̀fù lásán kò tún ìwà ẹnikẹ́ni ṣe. Ṣebí àwọn àgbàlagbà wà tó ń gbá a tí wọ́n sì ń fi irọ́ dín iye tí wọ́n gbá kù! Ibi tí ọ̀rọ̀ ìwà ti wọ̀ ọ́ ni pé ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló ń ka iye tó gbá. Ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, rẹfirí ni yóò fun fèrè sí ọ. Ní gọ́ọ̀fù, lọ́pọ̀ ìgbà, ìwọ nìkan lo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn igbó. Bí olùkọ́ bá wá gba kíkà yẹn lọ́wọ́ ọmọ, kí ló kù?

Ṣùgbọ́n ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí gbogbo wọn máa gbá bọ́ọ̀lù sí ọ̀nà kan náà, kí àyè tó pọ̀ wà láàárín ọmọ kan àti èkejì, kí àwọn ọlọ́wọ́ òsì wà ní ìparí ìlà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ gbé ọ̀pá sókè ju ìbàdí lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ sáré lọ mú bọ́ọ̀lù àfi tí ẹ bá pàṣẹ. Ẹ má fi owó ra ọ̀pá onírin. Ọ̀pá oníke olórí ńlá àti bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ti tó wọn. Ihò gọ́ọ̀fù gidi kò fẹ̀ ju mílímítà 108 lọ, ọmọ kékeré yóò gbá a títí yóò fi sú u. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa róbótó ńlá sílẹ̀, kí wọ́n máa rọra yí bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀ kí ẹ tó kọ́ wọn ní gbígbá a lọ sókè.

Mẹ́ta mẹ́ta ni mo máa ń pín wọn. Ọ̀kan ń gbá, ọ̀kan dúró sẹ́yìn tó ń ṣọ́ ibi tí bọ́ọ̀lù dúró sí, ìkẹta mú pẹ́ńsùlù àti káàdì dání. Ẹni tó ń gbá ló máa sọ iye rẹ̀ jáde, ẹni tó mú pẹ́ńsùlù kàn ń kọ ohun tó gbọ́ ni. Èyí tún yanjú wàhálà kíláàsì ńlá, nítorí ọmọ tó ń dúró láìrí nǹkan ṣe ló máa ń fi ọ̀pá gún ẹnìkejì.

Ohun tó máa kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ni ti ọmọ tó fi ọ̀pá gbá a, àmọ́ tí ọ̀pá náà kò kan bọ́ọ̀lù. Gẹ́gẹ́ bí òfin, ẹ̀ẹ̀kan la ó kà á sí, níwọ̀n ìgbà tó bá ti ní i lọ́kàn láti gbá a. Àwọn ọmọ kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Ọmọbìnrin kan wà tó bojú wẹ̀yìn, tó rí i pé kò sẹ́ni tó ń wo òun, tó sì sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, “Mẹ́fà ni, kì í ṣe márùn-ún. Èyí tí kò kan bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀.” Mo gbọ́, mi ò sọ nǹkan kan. Bí mo bá pàtẹ́wọ́ fún un lójú gbogbo kíláàsì, lọ́jọ́ kejì gbogbo wọn yóò máa fi iye kún iye kí n lè yìn wọ́n.

Ti ẹni tó gbá márùn-ún tó pè é ní mẹ́ta ńkọ́? Ẹ má bi í pé kí ló dé tó fi purọ́. Ẹ mú un padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀: “Ibo ni bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ dúró sí? Èkejì ńkọ́?” Ẹ jọ rìn ín. Lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ tó dé ihò, òun fúnra rẹ̀ á ti sọ pé márùn-ún ni. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ purọ́, iye ló dàrú mọ́ wọn lójú, pàápàá àwọn tó kéré.

Nítorí náà, ẹ má fún ọmọ ní máàkì lórí iye tó gbá, ẹ má sì fún ẹni tí iye rẹ̀ kéré jù lẹ́bùn. Mo ti rí kíláàsì tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo káàdì fi di méjì méjì. Ohun tí ẹ lè fún ní máàkì ni bóyá ó dákẹ́ nígbà tí ẹlòmíràn fẹ́ gbá, bóyá ó dúró de àṣẹ, bóyá ó ṣì ń gbìyànjú lẹ́yìn tí ó ti kùnà.

Ẹgbẹ́ First Tee ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997, ti ń gbé irú ẹ̀kọ́ yìí lọ sáwọn ilé ìwé láti 2004, ìwà mẹ́sàn-án ni wọ́n sì kọ́kọ́ tò sílẹ̀. Mẹ́sàn-án ti pọ̀ jù lójú tèmi. Mo mú òótọ́, ọ̀wọ̀ àti ìfaradà, ó tán. Ẹ kàn sọ ìtàn Bobby Jones, ọ̀gbóǹtarìgì agbágọ́ọ̀fù ọmọ Amẹ́ríkà, fún wọn. Ní ìdíje gọ́ọ̀fù US Open ọdún 1925, bọ́ọ̀lù rẹ̀ mira díẹ̀ bó ṣe fẹ́ gbá a. Kò sẹ́ni tó rí i, àmọ́ ó fi ẹ̀ẹ̀kan kún iye ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjìyà. Òun àti Willie Macfarlane parí sí iye kan náà, nígbà tí wọ́n sì tún un gbá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Macfarlane fi borí. Kíláàsì máa ń dàrú nígbà tí mo bá débẹ̀. Àwọn kan á ní kò gbọ́n, àwọn kan á bínú fún un. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn, ẹ má dá ẹjọ́ náà fún wọn.

Ní ti ọ̀gá yín, ẹ ní kó má tíì wá ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ariwo àti bọ́ọ̀lù tó sọnù ló máa bá. Kó wá nígbà tí àwọn ọmọ ti mọ káàdì í kọ, kó sì ṣèlérí pé bí òun bá gbọ́ iye tí kò pé, òun ò ní bá wọn dá sí i.