Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín: Ṣé Odídẹrẹ́ Mọ Ohun Tí Ó Ń Sọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìwó ni mí, níbi tí wọ́n ti ń fi odídẹrẹ́ kì wá, bàbá mi àgbà sì sin ọ̀kan tí í máa kí àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Èmi mọ̀ pé ńṣe ni ẹyẹ náà kàn ń sín ènìyàn jẹ, nítorí pé bí ewúrẹ́ bá kọjá, yóò kí òun náà káàbọ̀. Ọmọbìnrin mi tí ó wà ní ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì wá sọ fún mi pé obìnrin kan ní Amẹ́ríkà ti ìdí kẹ́mísírì kúrò, ó sì fi ọgbọ̀n ọdún wádìí òye odídẹrẹ́ kan, àti pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni òun fẹ́ ṣe. Kí ni obìnrin náà rí? Báwo ni ó ṣe mọ̀ pé ẹyẹ náà kò tan òun jẹ?
— Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́, Ìwó

ÌDÁHÙN: Irene Pepperberg ni ọmọ yín ń sọ, Bàbá. Ó ń ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́ nínú kẹ́mísírì ní Yunifásítì Harvard nígbà tí ó wo ètò tẹlifíṣọ̀n kan lórí bí àwọn ẹranko ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀, ọkàn rẹ̀ sì yí síbẹ̀. Kò já ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ o. Ó gba oyè náà ní 1976. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1977 ni ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹran ọ̀sìn ní agbègbè Chicago, ó sì ní kí ẹni tí ń tajà bá òun mú ẹyẹ èyíkéyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé èyí tí ó já fáfá ni òun ṣà. Alex ni ó sọ ẹyẹ náà, irú odídẹrẹ́ aláwọ̀ eérú tí a ti ń rí ìkóódẹ gan-an ni.

Ìfura tí ẹ ní kò ṣàjèjì sí i. Ní Jámánì, ẹṣin kan wà tí wọ́n ń pè ní Hans, tí ó ń fi pátákò kanlẹ̀ láti dáhùn ìṣirò, títí olùwádìí kan, Oskar Pfungst, fi fi hàn ní 1907 pé ara ẹni tí ń bi í léèrè ni ẹṣin náà ń wò kí ó tó dúró. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ń dán Alex wò, ẹlòmíràn ni í máa gbé nǹkan síwájú rẹ̀. Pepperberg á jókòó sí kọ̀rọ̀, á kẹ̀yìn sí wọn, á sì tún ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́ lẹ́nu ẹyẹ náà sọ, láìmọ ohun tí ó wà lórí àwo. Wọ́n tún ń da ìbéèrè pọ̀ mọ́ra, kí ẹyẹ má lè máa méfò. Síbẹ̀, nǹkan bí 80 nínú 100 ni ó ń gbà.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ni ó yàtọ̀ sí ti bàbá yín àgbà. Ènìyàn méjì ni yóò wà níwájú ẹyẹ: ọ̀kan á gbé kọ́kọ́rọ́ sókè, á béèrè ohun tí ó jẹ́, èkejì á dáhùn bí akẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá gbà á, kọ́kọ́rọ́ yẹn gan-an ni wọn yóò fún un. Bí ó bá ṣì í, wọn yóò bá a wí, wọn yóò sì gbé e pamọ́. Lẹ́yìn náà, wọn yóò pààrọ̀ ipò. Owú á wá mú kí ẹyẹ náà fẹ́ sọ ọ́. Odídẹrẹ́ ẹnu ọ̀nà yín kò rí ìdí kankan láti mọ ìyàtọ̀ àlejò sí ewúrẹ́, nítorí pé ìkíni rẹ̀ kò so mọ́ ohunkóhun.

Alex mọ orúkọ nǹkan bí 50, àwọ̀ 7 àti ìrísí 5, ó sì ń ka iye dé 6. Èyí tí ó wú mi lórí jù ni ti àwo búlọ́ọ̀kù kan. Ìdìpọ̀ 2, 3 àti 6 ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Wọ́n bi í ní àwọ̀ tí ìdìpọ̀ 3 ní, ó ní "márùn-ún". Wọ́n tún bi í, ó tún ní "márùn-ún". Nígbà tí ó sú Pepperberg, ó ní: ó dáa, àwọ̀ wo ni márùn-ún? Ẹyẹ náà fèsì pé "kò sí". Wọ́n ti kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà tí nǹkan méjì kò bá ní ìjọra tàbí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ láti fi í sọ nípa iye. Pepperberg fúnra rẹ̀ kò pe èyí ní èdè bíi ti ènìyàn, mo sì gbà pé ó tọ̀nà.

Ní ti ọmọ yín, n kò ní tan yín. Nígbà tí obìnrin yìí kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún owó ìwádìí, wọ́n kọ̀, àwọn tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sì ń béèrè ohun tí ó ń mu. (Ayékòótọ́ ni orúkọ ẹyẹ yẹn lóòótọ́!) Ó ti Yunifásítì Purdue dé ti Northwestern, ó ti ibẹ̀ dé ti Arizona, kí ó tó padà sí agbègbè Boston tí Harvard wà, níbi tí Alex ti kú ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, ní ẹni ọdún 31. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà parí kẹ́mísírì rẹ̀. Kí ó máa lọ jókòó sí kíláàsì àwọn onímọ̀ ẹranko ní yunifásítì rẹ̀ nígbà tí àyè bá wà, kí ó sì mú ìwé kan lọ́wọ́ láti máa kọ ohun tí àwọn ẹyẹ inú ọgbà ń ṣe.